Clown inú páńtómáìmù Lọ́ńdọ̀nù: ta ni, báwo sì ni idán inú eré rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Bí a bá dárúkọ clown lónìí, ohun tó ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni ọkùnrin onímú pupa rìbìtì tó wọ bàtà gbàǹgbà, tó ń ṣubú tó ń dìde nínú àgọ́ sákọ́ọ̀sì tàbí níbi ọjọ́ìbí ọmọdé. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín 1800 sí 1850, Clown kì í ṣe orúkọ gbogbo ẹni tó bá ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ẹ̀dá kan ṣoṣo nínú eré kan báyìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí Ìjàpá ṣe jẹ́ nínú àlọ́: a ti mọ ìwà rẹ̀ kó tó yọjú. Olè ni, alájẹkì ni, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, kò sì sí ìyà tó jẹ ẹ́ tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Páńtómáìmù ni eré náà, orúkọ yìí gan-an ló sì ń kọ́kọ́ da èèyàn lójú rú. Àwọn kan á ní eré tí a kì í la ẹnu nínú rẹ̀ ni, ọwọ́ àti ojú nìkan là ń fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù á ní irọ́ ni, pé eré Kérésìmesì tí ariwo rẹ̀ ń di èèyàn létí ni, níbi tí ọkùnrin ti ń wọ aṣọ ìyá arúgbó, tí àwọn ọmọdé sì ń pariwo dá òṣèré lóhùn. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Òfin ìjọba ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1737, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tó fi eré olọ́rọ̀ ẹnu sí ìkáwọ́ ilé eré méjì péré ní Lọ́ńdọ̀nù, Drury Lane àti Covent Garden. Haymarket rí àyè tirẹ̀ gbà nígbà tó yá, àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Àwọn ilé eré yòókù, bíi Sadler's Wells ní Islington, lè jó, wọ́n lè kọrin, wọ́n lè tàkìtì, ṣùgbọ́n bí òṣèré wọn bá dúró tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, òfin lè gbá wọn mú. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó sára aṣọ gígùn, wọ́n á tú u han àwọn òǹwòran kí wọ́n kà á. Wọ́n ń fi orin sọ èyí tí orin lè sọ. Ara ló ń sọ ìyókù. Láti ibẹ̀ ni àwọn òṣèré kan ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ejìká àti ìpéǹpéjú sọ ohun tí ẹlòmíràn á fi odidi ìpínrọ̀ sọ. Ní Drury Lane àti Covent Garden tí òfin ò ti dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu pàápàá, apá kejì páńtómáìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà tí òfin tuntun fi òpin sí ìkáwọ́ náà ní 1843 ni ọ̀rọ̀ ẹnu ya wọ inú rẹ̀ bí omi.

Páńtómáìmù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò lálẹ́ ọjọ́ kan o. Ìparí eré ló máa ń jẹ́. Ní alẹ́ 29 Oṣù Kejìlá 1806, kí Mother Goose tó jáde ní Covent Garden, àwọn òǹwòran ní láti kọ́kọ́ wo ìtàn George Barnwell, ọmọ iṣẹ́ oníṣòwò kan tó tìtorí obìnrin pa àbúrò bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì yẹgi fún. Ẹ̀kọ́ ìwà ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ìlú. Ẹni tí ẹ̀kọ́ ìwà kò bá wù máa ń dúró síta, torí bí eré àkọ́kọ́ bá ti kọjá ìpele kẹta, ìdajì owó ni wọ́n ń san wọlé. Nígbà tí Clown bá fi máa jáde, ilé ti kún dẹ́nu.

Apá méjì ni eré náà ní, bí èyí kò bá sì yé èèyàn, kò sí ohun tó kù tó lè yé e. Ìtàn ni apá kìíní, bí àlọ́: ìran mélòó kan péré, tí kì í gba àkókò púpọ̀. Harlequinade ni wọ́n ń pe apá kejì, òun ló gun jù nígbà náà, ó lè ní ìran mẹ́jọ, mẹ́wàá, kódà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú Mother Goose, Squire Bugle olówó fẹ́ fipá fẹ́ Colinette. Avaro alágbàtọ́ ọmọ náà gbà, nítorí owó. Colin tí ọmọ náà fẹ́ràn kò sì ní kọ́bọ̀. Mother Goose, arúgbó abàmì tó lè pidán, wá ta Colin lọ́rẹ pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó tó ń yé ẹyin wúrà. Ojúkòkòrò wọ ọ̀rọ̀ náà, arúgbó bínú, ẹyin wúrà bọ́ sínú òkun. Ó bá yí gbogbo wọn padà, ó ní wọn ò ní bọ́ àfi bí wọ́n bá rí ẹyin náà.

Ìyípadà yìí ni ìkóríta eré. Colin di Harlequin, Colinette di Columbine, Avaro di Pantaloon, Squire Bugle di Clown. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lè fi ìtàn mìíràn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin yìí náà ni wọ́n máa yà sí: olólùfẹ́ méjì ń sá lọ, bàbá arúgbó ń lé wọn, Clown ń bá bàbá lé wọn. Eré Ítálì ni wọ́n ti mú Harlequin, Columbine àti Pantaloon wá. Clown ní tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀ ni ará oko tí ojú rẹ̀ kò là, ìránṣẹ́ tí a rán níṣẹ́ tó ń dà á rú.

Báwo ni òṣèré ṣe ń yí padà lójú gbogbo ayé? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wọ aṣọ méjì. Aṣọ harlequinade ló wà lábẹ́, aṣọ ìtàn ló wọ̀ lé e lórí, èyí tó fẹ̀ tí wọ́n sì so lọ́nà tí yóò fi bọ́ wẹ́rẹ́. Ọ̀dà ti wà lójú rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ rí i ni orí ńlá tó dé: bébà tí wọ́n rẹ sínú àtè, tí wọ́n lẹ̀ ní ìpele ìpele lé ara àwòkọ́ orí, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó kùn ún. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ihò ẹnu orí náà ni òṣèré fi ń ríran. Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìlù kì í dún dáadáa sí i létí, ooru inú rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Torí náà, ìrìn gbọ̀ọ̀rọ̀ àti ìfarasọ̀rọ̀ tó hàn ketekete ni wọ́n ń lò ní apá kìíní. Bí arúgbó onídán bá ti na ọwọ́, wọ́n á ṣí orí, wọ́n á fa aṣọ òkè bọ́ síbi ihò ilẹ̀, ìyẹn ihò onílẹ̀kùn tí wọ́n gé sí ilẹ̀ ìtàgé, tàbí sẹ́yìn, ó tán. Ẹni tó bá ti rí bí egúngún onídán ṣe ń bọ́ inú awọ kan jáde tó sì di ohun mìíràn kò ní bèèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń hó.

Láti ìgbà yẹn lọ, Harlequin ló ni idán. Igi pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n dè pọ̀ níbi ọwọ́, tí wọ́n sì fi àlàfo díẹ̀ sí àárín wọn, ló máa ń mú lọ́wọ́. Bó bá gbá a mọ́ nǹkan, pẹrẹsẹ méjèèjì á lu ara wọn, á dún "pàá!" ju bí ó ṣe lè dunni lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rín lásán ni ariwo yẹn wà fún. Rárá o. Àmì ni fún káfíńtà tó wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká mú ìsọ̀ alápatà bí àpẹẹrẹ. Àwòrán ìsọ̀ náà wà lára aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ igi. Wọ́n wá gé apá kan lára rẹ̀, wọ́n fi ìdè ilẹ̀kùn mú un ní àárín, kó lè ṣẹ́po wálẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan ló dá a dúró lókè, okùn sì wà lára ọ̀pá náà. Harlequin gbá a pàá, káfíńtà fa okùn, apá tó wà lókè já wálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ohun tó bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá para pọ̀ di àwòrán tuntun. Ìsọ̀ alápatà ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ kò jìnnà. Bí káfíńtà bá tètè fà á, idán ti ṣẹlẹ̀ kí onídán tó dé ibẹ̀. Bó bá pẹ́, Harlequin á dúró gbagidi bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí. Èyí tó burú jù ni ti ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ọjọ́ pàtàkì tí páńtómáìmù tuntun ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kì í sì í fẹ́ parí ṣáájú. Bí ọ̀dà bá lẹ àwòrán méjì pọ̀, kò sí bí a ṣe lè fa okùn tó. Àwọn òǹwòran ò sì ń forí jini. Wọ́n á súfèé, wọ́n á hó, wọ́n á sọ ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn láti òkè.

Ewu tòótọ́ wà nínú fífò àti ihò ilẹ̀. Bí Harlequin bá fò wọ ojú aago tàbí fèrèsé, àwọn géńdé kan ló wà lẹ́yìn tí wọ́n na kúbùsù láti gbà á. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lọ mu bíà, egungun lè kán. Ní 1820, nígbà tí wọ́n ṣe eré kan nípa òkú amùjẹ̀ ní ilé eré English Opera House, wọ́n gbé ihò tuntun kan jáde: ilẹ̀kùn méjì tí sípírìngì tì, tí òṣèré á gba àárín wọn kọjá, tí wọ́n á sì padé kíá bíi pé ògiri ló gbé e mì. Ṣùgbọ́n ihò oníràwọ̀ ló le jù. Igi onígun mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò yípo bí ìràwọ̀, awọ ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ etí ihò, kí gbogbo ṣóńṣó wọn lè ṣí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣèré dúró sórí pákó kékeré nísàlẹ̀. Òkúta tàbí irin wíwúwo wà ní òdìkejì okùn. Àwọn òṣìṣẹ́ fi agbára fà á, òṣèré sì ta jáde bí ọfà. Ó gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó lẹ apá mọ́ ara, kó má tẹ orúnkún. Ìwọ̀n irin náà gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ẹni tó sanra ju òṣèré náà lọ fà á, á kọjá ibi tó yẹ kó dé, bó ṣe máa balẹ̀ sì di ọwọ́ Ọlọ́run.

Kí wá ni Clown ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Wọ́n ní kó lé àwọn olólùfẹ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá ló ń dá a dúró. Ṣòkòtò rẹ̀ ní àpò tí kò nísàlẹ̀: pẹ́pẹ́yẹ wọ ibẹ̀, ẹja wọ ibẹ̀, sọ́séèjì tó gùn bí okùn ìdákọ̀ró ń wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi bọ́tà pa ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kí ẹni tó bá ń jáde lè yọ̀ ṣubú. Ó bá wọn gbé ọmọ lọ́wọ́, ó jókòó lé e. Ó yọ irin gbígbóná, tí wọ́n kùn lẹ́nu kó lè pupa, ó fi ń lé àwọn èèyàn kiri. Lẹ́yìn tí wọ́n dá iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, ọlọ́pàá ló di ẹran ìjẹ rẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá wá bèèrè ẹni tó jalè, Pantaloon arúgbó ló ń na ìka sí.

Kí ẹ tó ní ìwà burúkú lásán ni wọ́n ń rín, ẹ rántí ìlú tí wọ́n ti ń rín in. Ní 1806, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì gbà kí wọ́n yẹgi fún ẹni tó bá yọ́ jí ọjà tó tó ṣílè márùn-ún nínú ìsọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́, ìránṣẹ́ àti aṣẹ́wó tó kún òkè ilé eré mọ ìyẹn dáadáa, wọ́n sì ń wo ẹnì kan tó ń kó odidi ìsọ̀ lọ tí mìmì kan ò mì í.

Ẹni tó sọ ará oko aláìmọ̀kan di ọba olè yìí ni Joseph Grimaldi. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 18 Oṣù Kejìlá 1778. Ará Ítálì ni bàbá rẹ̀, tó ń kọ́ni níjó ní Drury Lane. Ọmọ kékeré ló ti wà lórí ìtàgé. Ní 1800, ní Sadler's Wells, ó jáde nínú páńtómáìmù kan tó dá lórí Peter Wilkins, akọni inú ìwé ìtàn kan, pẹ̀lú aṣọ àti ojú tuntun. Tẹ́lẹ̀, aṣọ ìránṣẹ́ tó ti gbó ni Clown ń wọ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀dà pupa díẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí oòrùn oko pa. Ti Grimaldi yàtọ̀: funfun báláú ló fi kun ojú àti ọrùn, ó fi pupa ya onígun mẹ́ta ńlá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó kun ètè pupa kí ẹnu lè gbòòrò, ó sì dé irun àtọwọ́dá tó yọ ògbe bí àkùkọ. Aṣọ rẹ̀ kún fún àwọ̀ tó ń bá ara wọn jà.

Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àbẹ́là àti fìtílà olóròóró ni iná ilé eré nígbà náà. Ní 1817 ni gáàsì tó dé Drury Lane àti Covent Garden. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́nà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ilé kan. Ẹni tó jókòó sókè pátápátá kò lè rí bí ojú ṣe ń ṣẹ́, àfi bí ilẹ̀ ojú náà bá funfun tí ìyókù sì pupa fòò. Bí òṣèré bá wá fi ọ̀dà náà bo gbogbo ojú láìfi àyè sílẹ̀ fún bí ẹran ojú rẹ̀ ṣe ń rìn, ìbòjú lásán ló dé. Inú funfun òjé, tí àwọn òṣèré ìgbà náà ń kùn, ni májèlé wà. Kò dìgbà tí wọ́n bá gbé e mì kó tó ṣe ara ní jàǹbá.

Ohun tó gbé Grimaldi ga ju ti olè lọ ni bó ṣe ń fi nǹkan ilé tò nǹkan mìíràn. Ní 1810, ó kó ewébẹ̀ jọ, ó tò wọ́n di ọkùnrin, ọkùnrin náà dìde, ó bá a ja ẹ̀ṣẹ́. Ní 1812, ó sọ garawa èédú méjì di bàtà, ó fi aṣọ onírun tí obìnrin fi ń kó ọwọ́ sí ṣe fìlà, ó di sójà ẹlẹ́ṣin. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń bá wí: àwọn ọ̀gá sójà tí aṣọ olówó iyebíye wọn ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú. Ẹ sì wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìjọba ní ẹni tó ń yẹ gbogbo ìwé eré wò kó tó jáde, tó ń fagi lé ọ̀rọ̀ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìwé ló ń yẹ̀ wò. Kò sí bó ṣe lè fagi lé garawa èédú.

Ó ń kọrin pẹ̀lú. Láti 1819, kò sí ibi tó dé tí wọn ò ní ní kó kọ "Hot Codlins", orin obìnrin kan tó ń ta èso ápù gbígbóná tó sì fẹ́ràn ọtí. Bó bá dé ibi tó yẹ kó dárúkọ ọtí náà, á dákẹ́, gbogbo ilé á wá ké "gin!", òun á sì bojú wò wọ́n bíi pé àwọn ni ọ̀mùtí: "ojú ò tì yín!" Lílé àti gbígbè ni, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa. Gbólóhùn ìjáde Clown náà, tí a lè pè ní "A tún ti dé o!", ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn níbẹ̀.

Àṣà wà láti máa sọ pé ọkàn Clown máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ìtàgé. Ní ti Grimaldi, ara ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìgbà mìíràn wà tó ń ṣeré ní Sadler's Wells àti Covent Garden ní alẹ́ kan náà, tó ń sáré láti ọ̀kan dé èkejì pẹ̀lú ọ̀dà lójú. Ní 1823, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, oríkèé ara rẹ̀ ti kọṣẹ́. Níbi eré ìdágbére rẹ̀ ní 1828, orí àga ló jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ tó gba ipò náà kú ní 1832. Owó ìrànwọ́ òṣèré Drury Lane, £100 lọ́dọọdún, ló fi ń gbé ayé títí tó fi kú ní 31 Oṣù Karùn-ún 1837. Joey ni wọ́n ṣì ń pe clown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn 1843, apá kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ti wọ ibẹ̀. Ní 1849, William Beverley, ayàwòrán ìtàgé, fi àwòrán tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ewé ọ̀pẹ ya àwọn èèyàn lẹ́nu ní ilé eré Lyceum, ìran ìyípadà sì di ohun tí wọ́n ń wá wò fúnra rẹ̀. Nígbà tí Dan Leno apanilẹ́rìn-ín dé Drury Lane ní 1888 tó ń fi aṣọ obìnrin pa ilé lẹ́rìn-ín, harlequinade ti di ìrù tí wọ́n so mọ́ ìparí, nígbà tí àwọn ìyá ti ń wọ kóòtù fún ọmọ.

Bí ẹ bá wá rí àwòrán àtijọ́, báyìí ni ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, tó ní igun mẹ́rin aláwọ̀ mèremère, ìbòjú dúdú àti igi pẹlẹbẹ: Harlequin ni. Ojú funfun láìsí pupa kankan, aṣọ funfun ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ tó ṣò, fìlà dúdú pẹlẹbẹ: Pierrot ti Paris ni, irú èyí tí òṣèré Jean-Gaspard Deburau ṣe ní ilé eré Funambules títí tó fi kú ní 1846, òun kì í sọ̀rọ̀ rárá. Tí ẹṣin bá wà nítòsí, tí ọ̀gá olórí kan sì mú pàṣán lọ́wọ́, clown sákọ́ọ̀sì nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń fi jẹun ní tirẹ̀. Imú pupa àti bàtà gbàǹgbà kì í ṣe ti ìgbà Grimaldi. Bó bá sì jẹ́ onígun mẹ́ta pupa ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ wo àpò ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí sọ́séèjì máa yọ níbẹ̀.